Orúkọ Ọkọ̀ Kọ́ Lo Máa Wà Lọ Sílé Ìwé

Tíṣà kan kọ̀wé sí èmi mẹkáníìkì láti Ṣágámù. Ọdún mẹ́rin ló fi dá àjọ kó tó rí owó mọ́tò àkọ́kọ́ kó jọ. Bàbá rẹ̀ kékeré ní Toyota ni kó rà, pé ohunkóhun tí kì í bá ṣe Toyota, owó rẹ̀ ti wọgbó nìyẹn. Ṣùgbọ́n igbákejì ọ̀gá ilé ìwé wọn ń wa ọkọ̀ kan tó lórúkọ dáadáa, gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì kì í sì í kúrò ní búùtù rẹ̀. Obìnrin tó ń kọ́ni ní ìṣirò níbẹ̀, ọkọ̀ tí gbogbo èèyàn ń sá fún ló ń wà, ó sì ti pé ọdún méje tó ti ń wà á láìjẹ́ pé ó dúró lójú ọ̀nà rí. Ó wá béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n gbàgbọ́ nínú wọn?"

Àbúrò mi, gba gbogbo wọn gbọ́. Kò sẹ́ni tó parọ́ fún ọ nínú wọn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ ni kì í ṣe ọ̀kan náà. Bàbá kékeré ń sọ̀rọ̀ orúkọ. Igbákejì ọ̀gá àti tíṣà ìṣirò ń sọ̀rọ̀ mọ́tò kan ṣoṣo tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lápò wọn. Ìwọ náà, mọ́tò kan ṣoṣo lo fẹ́ rà. Owó àjọ ọdún mẹ́rin kì í ṣe owó tí èèyàn fi ń dán nǹkan wò, ìdí nìyẹn tí màá fi fara balẹ̀ dá ọ lóhùn.

Kọ́kọ́ jẹ́ ká wo ibi tí orúkọ ti ń wá. Ní Amẹ́ríkà, iléeṣẹ́ kan wà tó ń jẹ́ J.D. Power. Lọ́dọọdún ni wọ́n máa ń wá àwọn tó ra ọkọ̀ ní tuntun, tí ọkọ̀ náà sì ti pé ọdún 3 lọ́wọ́ wọn, wọ́n á bi wọ́n pé wàhálà wo ni wọ́n rí láàárín oṣù 12 tó kọjá. Wọ́n á wá ka iye wàhálà tó bá ọgọ́rùn-ún ọkọ̀. Kódà tí fóònù onímọ́tò bá kọ̀ tí kò bá rédíò ọkọ̀ ṣe pọ̀, wọ́n máa ń kà á mọ́ wàhálà. Consumer Reports, ẹgbẹ́ kan níbẹ̀ tó ń dán ọjà wò fún àwọn tó ń rajà, náà máa ń bi àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, tiwọn sì máa ń dé ọ̀dọ̀ ọkọ̀ tó ti dàgbà díẹ̀. Ní Jámánì, àwọn iléeṣẹ́ àyẹ̀wò ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní TÜV máa ń kọ àbùkù tí wọ́n bá rí lára ọkọ̀ nígbà àyẹ̀wò tí òfin là sílẹ̀, àkójọ wọn a sì máa dé orí ọkọ̀ ọdún 12 sí 13.

Iṣẹ́ gidi ni wọ́n ń ṣe, mo sì máa ń kà á. Ṣùgbọ́n wo ẹni tí wọ́n ń bi léèrè. Ẹni tó ń pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò ni, tó ń rìn lójú títì tó dán, tó ń ra epo tí kò lómi nínú. Ọkọ̀ tí owó tó o dárúkọ fún mi lè rà yóò ti tó ọdún 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yóò ti gba ọwọ́ ẹni méjì tàbí mẹ́ta kọjá. Ó ṣeé ṣe kó ti forí sọ nǹkan lókè òkun, kí wọ́n ti lù ú ná, kí wọ́n ti kùn ún, kó tó wá dúró sójú ọjà, tí wọ́n fi omi àti ọṣẹ fọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ títí tó fi ń dán bí abọ́ ìyàwó. Kò sẹ́ni tó bi ọkọ̀ yẹn léèrè ohunkóhun rí.

Mo fẹ́ kó o mọ bí orúkọ ṣe lágbára tó, ẹ̀rí rẹ̀ sì wà lójú títì níbí. O mọ Toyota Matrix, àbí? Ọkọ̀ kan wà tó ń jẹ́ Pontiac Vibe. Ìbejì ni àwọn méjèèjì. Toyota àti General Motors ló jọ ṣe wọ́n, tí wọ́n sì kọ́kọ́ gbé wọn jáde ní 2002, gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ ọdún 2003. Ẹ́ńjìnnì lítà 1.8 tó wà nínú ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn, iṣẹ́ ọwọ́ Toyota ni, òun náà ló sì wà nínú Corolla ìgbà yẹn. Cambridge ní Kánádà ni Matrix ti ń jáde. Fremont ní California ni Vibe ti ń jáde, nínú iléeṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní NUMMI, èyí tí Toyota àti General Motors dá sílẹ̀ pọ̀ ní 1984. (Tesla ló ń lo ọgbà yẹn báyìí.) Ilé kan náà yẹn ló ń to Corolla fún àwọn ará Amẹ́ríkà. Kí Vibe tó dé pàápàá, wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ níbẹ̀: Corolla àti Geo Prizm ti General Motors ń jáde láti ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ kan náà, orúkọ tó wà níwájú wọn nìkan ló yàtọ̀ gan-an. Síbẹ̀ nígbà tí àwọn méjèèjì bá di àlòkù, Corolla ló máa ń gba owó gọbọi.

Lọ́gbà mi ní Ìbàdàn, mo ti gbé Matrix àti Vibe kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bọ́nẹ́ẹ̀tì méjèèjì lókè. Mo ní kí ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi kẹ́yìn sí wọn, mo ṣí fíltà ọ́ìlì àti pílọ́ọ̀gì kúrò lára àwọn méjèèjì, mo tò wọ́n sórí bẹ́ǹṣì, mo ní kó sọ èyí tó jẹ́ ti Toyota fún mi. Ó wò wọ́n títí, ó yí wọn síwá sẹ́yìn, kò rí i sọ. Bẹ́ẹ̀, tí o bá gbé Vibe dé ọjà, ẹni tó fẹ́ rà á á yí imú padà: "Pontiac? Níbo la ti fẹ́ rí páàtì rẹ̀?" Ní ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń ta páàtì Corolla ni. Iná iwájú, bọ́ńpà àti àwọn nǹkan ara nìkan ni wàá wá títí kó o tó rí. Nítorí náà owó Vibe máa ń wálẹ̀ ju ti Matrix lọ. Owó tó lé lórí Matrix yẹn, orúkọ lo fi rà.

N kò sọ èyí láti bu Toyota kù. Wọ́n yẹ lẹ́ni tí à ń yìn. Ohun tí mo fẹ́ kó o rí ni pé orúkọ àti irin tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì lè má bá ara wọn rìn.

Ó kan ọ̀rọ̀ igbákejì ọ̀gá tó ń gbé ọ́ìlì kiri. O kò sọ ọkọ̀ tó jẹ́ fún mi, n kò sì ní méfò. Màá fi èyí tó wà ní gbangba ṣàlàyé. Camry tá à ń pè ní Muscle, èyí tó jáde láti 2007 dé 2011, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Lójú ẹni tó ń rà, Muscle ni Muscle. Lójú mẹkáníìkì, mọ́tò mẹ́ta ló wà nínú orúkọ kan yẹn.

Láti 2007 sí 2009, onípílọ́ọ̀gì mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 2.4. Ara písítìn ẹ́ńjìnnì yìí ní àwọn ihò kéékèèké tí ọ́ìlì máa ń gbà padà sísàlẹ̀. Tí ọ́ìlì tó ti jóná bá dí àwọn ihò yẹn, ríìngì tó yí písítìn ká á lẹ̀, kò ní lè nu ọ́ìlì kúrò lára ògiri ihò tí písítìn ń sáré nínú rẹ̀ mọ́, ọ́ìlì á wá máa bá epo jó. Èyí kì í ṣe àhesọ. Toyota fúnra rẹ̀ ṣètò ní Amẹ́ríkà pé ẹni tí tirẹ̀ bá ń jẹ ju kúọ́ọ̀tì kan lọ, ìyẹn bíi lítà kan, láàárín máìlì 1,200, wọ́n á bá a pààrọ̀ písítìn àti ríìngì lọ́fẹ̀ẹ́, títí ọkọ̀ náà á fi pé ọdún 10 tàbí kó rin máìlì 150,000. Ọdún mẹ́wàá yẹn ti kọjá. Nígbà tó di 2010, wọ́n yọ 2.4 kúrò, wọ́n fi 2.5 sí i, wàhálà písítìn yẹn kò sì bá a débẹ̀. Ẹ̀kẹta ni V6, ìyẹn onípílọ́ọ̀gì mẹ́fà, tó jẹ́ 3.5. Òun kì í jẹ ọ́ìlì bíi ti 2.4, ṣùgbọ́n àwọn tó kọ́kọ́ jáde ní páìpù ọ́ìlì kan tí apá kan rẹ̀ jẹ́ rọ́bà. Tí rọ́bà yẹn bá bẹ́, gbogbo ọ́ìlì lè dà sílẹ̀ kí onímọ́tò tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Onírin ni wọ́n fi ń rọ́pò rẹ̀.

Nítorí náà, ẹni méjì lè jókòó sídìí ayò, kí ọ̀kan ní Muscle tó gbádùn, kí èkejì ní Muscle tó sọ ọ́ di oníbàárà ẹni tó ń ta ọ́ìlì, kí àwọn méjèèjì sì jẹ́ olóòótọ́. Kí o tún wo èyí: 2.4 tó ń jẹ ọ́ìlì kì í kú bí wọ́n bá ń bọ́ ọ. Ẹni tó bá ń yọ géèjì wò láràárọ̀ Sátidé, tó sì ń bù ú kún, á wà á fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó bá ń dúró de iná pupa ní dáṣíbọ́ọ̀dù, ọjọ́ tí iná yẹn bá tàn ni ẹ́ńjìnnì ń lọ. Tó bá jẹ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni igbákejì ọ̀gá yín ní, gálọ́ọ̀nù tó wà ní búùtù rẹ̀ ló ń dá ẹ̀mí ọkọ̀ náà sí. Má ṣe fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Bó ṣe rí níbòmíràn náà nìyẹn. Honda pe ọkọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù kan padà ní 2004 nítorí gíà tó ń gbóná jù. Accord V6 ti 2003 àti 2004, àwọn tá à ń pè ní End of Discussion, wà lára wọn. Onípílọ́ọ̀gì mẹ́rin ọdún kan náà kò sí níbẹ̀. Nissan fi kún ọjọ́ ìdánilójú gíà CVT rẹ̀, ìyẹn gíà tó ń pààrọ̀ ara rẹ̀, tó ń fi bẹ́líìtì irin ṣiṣẹ́ dípò eyín gíà, ní Amẹ́ríkà, ó gbé e dé ọdún 10 tàbí máìlì 120,000 fún àwọn tó jáde láàárín 2003 sí 2010. Ọkọ̀ kan náà tó bá jẹ́ gíà ọlọ́wọ́ ló ní kò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Tí ẹnìkan bá sọ fún ọ pé Honda dára tàbí Nissan kò dára, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì tó. Ọdún wo? Ẹ́ńjìnnì wo? Gíà wo?

Nǹkan kan tún wà tí ìwé àwọn òyìnbó kì í kà, tó sì ṣe pàtàkì níbí ju ohun tí wọ́n ń kà lọ. Òun ni ta ló mọ ọkọ̀ náà tún ṣe. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, Peugeot 504 ló pọ̀ jù lọ́gbà ọ̀gá mi. Láti 1975 ni wọ́n ti ń to Peugeot ní Kàdúná, Volkswagen sì ń to Beetle ní Èkó nígbà yẹn. Kò sí abúlé tó o máa dé tí o kò ní rí ẹni tó lè tú kábúrétọ̀ 504 lábẹ́ igi máńgòrò, kó fẹ́ atẹ́gùn sí i, kó dì í padà, kó o sì máa bá ọ̀nà rẹ lọ. Ṣé ọkọ̀ tí kì í bàjẹ́ ni? Ó máa ń bàjẹ́. Mo tún un ṣe títí ìka mi fi dúdú. Ṣùgbọ́n ìbàjẹ́ rẹ̀ kì í mú ẹnikẹ́ni sun ìta, ìyẹn ni àwọn bàbá wa fi ń pè é ní ọkọ̀ gidi. Nígbà tí àwọn Peugeot tó ní kọ̀ǹpútà dé, tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò ní ẹ̀rọ tá a lè fi kà á, a bẹ̀rẹ̀ sí í gé wáyà, a ń so wáyà. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni orúkọ Peugeot ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn wa, ọwọ́ àwa mẹkáníìkì sì wà níbẹ̀ dáadáa.

Èyí ló mú kí ọ̀rọ̀ bàbá rẹ kékeré ní ìtumọ̀. Nítorí pé Toyota lórúkọ, èèyàn ń rà á. Nítorí pé èèyàn ń rà á, páàtì rẹ̀ kún Ládípọ̀, ó kún Gate n'Ìbàdàn, ó dé Ṣágámù. Nítorí pé páàtì wà, gbogbo ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́, ara Toyota ni wọ́n ti kọ́ ọ. Tó bá bàjẹ́ láago mẹ́rin, ó lè dìde kí ilẹ̀ tó ṣú. Àǹfààní ńlá nìyẹn fún ẹni tó fẹ́ dé ilé ìwé lọ́jọ́ kejì. Ṣùgbọ́n ọjà ló fún un ní àǹfààní yẹn, kò sọ pé èyí tí wọ́n fẹ́ tà fún ọ yá gágá.

Ó yẹ kí n sọ ti ara mi náà. Èmi mẹkáníìkì, ẹlẹ́rìí tí kò pé ni mo jẹ́, bí dókítà tó jẹ́ aláìsàn nìkan ló ń rí. Ọkọ̀ tí kò ní nǹkan kan kì í wá sọ́gbà mi. Tí mo bá ní "irú ọkọ̀ yìí ń yọ wá lẹ́nu," ó lè jẹ́ pé òun ló pọ̀ jù nígboro. Àwọn onímọ́tò náà ní tiwọn. Ẹni tó ná gbogbo owó rẹ̀ lórí nǹkan, ó máa ń ṣòro fún un láti sọ pé òun ṣìnà. Ẹni tí ọkọ̀ já kulẹ̀ lóru ní ọ̀nà Ọrẹ, kò ní gbàgbé láéláé, á sì máa sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá rí.

Mo ní oníbàárà méjì tí wọ́n ra ọkọ̀ kan náà, ọdún kan náà, ẹ́ńjìnnì kan náà. Nọ́ọ̀sì ni ọ̀kan. Ó ní ìwé kékeré kan, irú èyí tí ọmọ ilé ìwé fi ń kọ iṣẹ́ àṣetiléwá, nínú píjìnhóòlù. Gbogbo ìgbà tó bá pààrọ̀ ọ́ìlì, á kọ ọjọ́ àti iye tó wà lójú kìlómítà síbẹ̀, ní bírò aláwọ̀ búlúù. Ó ní ọkọ̀ yẹn kò fìyà jẹ òun rí. Mo ka ìwé rẹ̀ lọ́jọ́ kan: ó ti pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì iwájú méjì, bíréèkì lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́tà pọ́ǹpù lẹ́ẹ̀kan, bátìrì lẹ́ẹ̀mejì. Kò ka ìyẹn sí ìyà. Lójú tirẹ̀, oúnjẹ ọkọ̀ ni.

Èkejì gbé tirẹ̀ wá tí wọ́n fi okùn fà á. Ó ń bínú, ó ní irọ́ ni gbogbo ohun tí wọ́n sọ fún òun nípa ọkọ̀ náà. Mo dúró kó tutù, mo fi àkísà dì mọ́ ìdérí rédíétọ̀, mo ṣí i. Omi inú rẹ̀ pọ́n bí omi ojú àgbàrá, nígbà tí mo ti ìka bọ̀ ọ́, ìpẹtà ṣùpọ̀ mọ́ ọn bí ẹ̀kọ tó dì. Omi kànga lásán ni wọ́n ń dà sí i láti ìgbà tó ti rà á, kò sí kúláǹtì níbẹ̀ rárá. Mo tú ilé tẹmọ́sítáàtì. Òfìfo. Ẹnìkan ti yọ ọ́ sọnù, ó ní ilẹ̀ wa gbóná, a kò nílò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, tí kò bá sí tẹmọ́sítáàtì, omi á máa yí lọ láìdúró, ara ẹ́ńjìnnì kò ní gbóná dé ibi tó yẹ, kọ̀ǹpútà rẹ̀ á rò pé kò tíì yá, á máa da epo sí i ju bó ṣe yẹ lọ, epo yẹn á sì máa fọ ọ́ìlì kúrò lára ògiri. Ìpẹtà ti jẹ ewé wọ́tà pọ́ǹpù, gáskẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì sì ti jóná. Tí o bá bi àwọn méjèèjì nípa ọkọ̀ wọn, o kò ní gbà pé ọ̀kan náà ni wọ́n ń sọ.

Nítorí náà, tí o bá padà dé ọ̀dọ̀ tíṣà ìṣirò, má bi í pé ṣé ọkọ̀ rẹ̀ dára. Bi í pé kí ló ti pààrọ̀ lára rẹ̀ láti ọdún méje yìí, ta ló ń bá a tún un ṣe, níbo ló ti ń rí páàtì, báwo ni ọ̀nà tó ń rìn ṣe jìn tó lójoojúmọ́. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn ilé ìwé ló ń gbé, ọdún méje rẹ̀ lè má tó ọdún méjì ẹni tó ń lọ sí Èkó.

Ní tìrẹ, pẹ̀lú owó yìí, Corolla, Matrix tàbí Vibe tó ní 1.8 ni mo máa fi sí iwájú. Tó o bá rí Vibe tó mọ́, tí owó rẹ̀ sì rọ̀, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ dẹ́rù bà ọ́, fi owó tó bá ṣẹ́ kù pààrọ̀ táyà, ọ́ìlì àti bẹ́líìtì. Tó bá jẹ́ Muscle lọkàn rẹ fẹ́, wá 2010 tàbí 2011 onípílọ́ọ̀gì mẹ́rin. N kò ní gbà ọ́ níyànjú láti ra CVT àtijọ́, àfi tí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá wà nítòsí rẹ, tó sì mọ̀ pé ọ́ìlì gíà tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni. Mo ti rí ọ̀pọ̀ tó jẹ́ ọ́ìlì gíà lásán ni wọ́n fi pa á.

Má gba ọdún ọkọ̀ láti ẹnu ẹni tó ń tà á. Wo nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ náà (VIN), tó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 lápapọ̀, tó wà nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú, níhà dírẹ́bà. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá, ìkẹwàá nínú wọn ló ń sọ ọdún: 7 jẹ́ 2007, 9 jẹ́ 2009, A jẹ́ 2010, B jẹ́ 2011. Àkọ́kọ́ ń sọ ibi tí wọ́n ti tò ó: 1, 4 àti 5 jẹ́ Amẹ́ríkà, 2 jẹ́ Kánádà, J jẹ́ Japan. Tí kìlómítà bá kéré, ṣùgbọ́n tí rọ́bà bíréèkì lábẹ́ ẹsẹ̀ ti jẹ dé irin, tí awọ síárìn sì ti ń dán, ẹsẹ̀ àti ọwọ́ dírẹ́bà ni kó o gbàgbọ́. Yọ géèjì ọ́ìlì, ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tó bá tutù, kó o wo àwọ̀ ohun tó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kó o tó tan ọkọ̀, kí ẹnìkan dúró sẹ́yìn kó máa wo sàlẹ́ńsà. Èéfín tó bá dà bí aró, ọ́ìlì ló ń jó.

Pe ẹni tó ń tà á lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kó o bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe tan ọkọ̀ náà láàárọ̀ kó o tó dé. Tó o bá débẹ̀, kí o tó kí i tán, gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, bi í pé kí ló dé, kó o sì sọ fún un pé wàá padà wá lọ́jọ́ mìíràn.